Eyín Àlejò: Ìtọ́jú Ẹnu Ológbò Àgbà Nílé Ìwòsàn Ẹranko Kan ní Àjàṣẹ́

Ológbò wa tí à ń pè ní Àlejò ti pé ọmọ ọdún 13. Ìyàwó mi ló gbé e wálé láti ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní àkókò tí eku ń wọ inú àpò àgbàdo àti ẹ̀wà tó ń tà bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún tó kọjá, a kò ná owó kankan lé e lórí ju owó ẹja lọ. Ní báyìí a ti ná 124,500 sẹ́fà lórí eyín rẹ̀ nìkan, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló sì ń bi mí bóyá orí mi pé. Nítorí èyí ni mo ṣe jókòó láti kọ bí ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ṣe ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti tayọ àti ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó, kí ẹni tó ní ológbò àgbà nílé lè mọ ohun tí òun yóò bá pàdé. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn mélòó kan tí mo fẹ́ sọ láìfi bò, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀sùn náà borí iṣẹ́ gidi tí wọ́n ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí àìsàn náà ṣe fara hàn, nítorí pé oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ń wò ó tí a kò mọ ohun tí à ń wò. Àlejò kò kọ oúnjẹ. Bí ó bá ti gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò, yóò sáré dé ìdí àwo rẹ̀, yóò bu ẹja sẹ́nu, yóò wá tẹ orí sí apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni yóò jù ú sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí iná jó létè. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa kùn sí ẹja náà, àfi bí ẹni pé ẹja ló bù ú jẹ. Èmi rò pé egungun ló há a lọ́fun. Ìyàwó mi rò pé ó ti ń ya àkẹ́bàjẹ́, pé sádìnì inú agolo ló ń fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu rẹ̀, òórùn ẹnu rẹ̀ di èyí tí a ń gbọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, irun ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó máa ń lá lójoojúmọ́ sì lọ́ pọ̀ bí òwú àtijọ́. Dókítà sọ fún wa nígbẹ̀yìn pé bí ológbò ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kì í ké ìrora, kì í sì í fi oúnjẹ sílẹ̀ pátápátá àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo mọ ojú ọmọ tí inú ń run tí kò fẹ́ sọ. Ojú Àlejò ni n kò mọ̀ ọ́n kà.

Kò sí ẹni tí kò ní oògùn eyín ládùúgbò. Ẹnì kan ní kí a sè kànáfùrù kí a sì fi omi rẹ̀ nu erìgì rẹ̀, ẹlòmíràn ní aáyù ni kí a gún, ẹnì kẹta mú paracetamol wá nínú ìwé pélébé, ó ní ìdajì hóró ti tó fún ẹranko. Ọpẹ́ ni pé a kò fún un ní ọ̀kankan. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní láti tú paracetamol palẹ̀. Oògùn náà a ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́, hóró kan ṣoṣo tó jẹ́ 500 mg sì tó láti pa á. Òróró inú kànáfùrù pẹ̀lú jẹ́ májèlé fún un, bẹ́ẹ̀ ni aáyù àti àlùbọ́sà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn kò fi àlàyé yìí kún owó àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun nìkan ti tó owó náà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, a ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ọkùnrin kan tó máa ń gún ewúrẹ́ àti àgùntàn lábẹ́rẹ́ kiri àdúgbò sọ pé ìdọ̀tí ló dì mọ́ eyín Àlejò, pé òun yóò ha á kúrò. Ó gba 5,000 sẹ́fà, ó ní kí a fi aṣọ ìnura wé e kí a sì dì í mú, ó sì fi irin ha eyín náà nígbà tí ojú ẹranko là kedere, láìfún un ní oògùn kankan. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ológbò ń ké, èmi àti ìyàwó mi kò lè wo ara wa lójú. Òótọ́ ni pé eyín náà funfun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó ń ba eyín jẹ́ kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Abẹ́ erìgì ló ń ba sí, kò sì sí ẹranko tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ kí ènìyàn ki irin bọ ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹja tún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó wá burú jù ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tóbi, kò sì ní ọ̀ṣọ́. Obìnrin ni dókítà tó gbà wá. Ó kàwé ní Dakar, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko tí àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé ní Áfíríkà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Faransé ló kọ́kọ́ fi kí wa. Nígbà tí ìyàwó mi dá a lóhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá wa sọ Yorùbá tí Ègùn dà lù títí a fi parí. Kò sáré la ẹnu ológbò. Ó jẹ́ kí ó jáde nínú agbọ̀n fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó ka kìlógíráàmù 3.4, ó fọwọ́ ra ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti yọ gangan, lẹ́yìn náà ló tó fi ìka kan ká ètè rẹ̀ sókè. Gbogbo erìgì ló pọ́n. Ní apá òsì nísàlẹ̀, lára eyín àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀gàn, ibì kan wà tó dà bí ẹni pé ẹran erìgì ti gun orí eyín. Ó fi òwú orí igi tín-ín-rín kan ibẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kèkèkè bí ti ẹni tí òtútù mú. Dókítà yọ ọwọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ibi tó ń dùn ún nìyẹn.”

Níbí ni mo ti kọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí. Eyín 30 ni ológbò tó ti dàgbà máa ń ní, àìsàn tó sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ti dàgbà ni kí ara ológbò fúnra rẹ̀ máa jẹ eyín ara rẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò eyín tí àwọn ìyá wa ń sọ, kì í sì í ṣe irú ihò tí ṣúgà ń dá sí eyín àwa ènìyàn. Àwọn ohun tíntìntín inú ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tú eyín ọmọdé palẹ̀ kí ti àgbà lè hù, ni wọ́n tún dìde sí eyín àgbà, wọ́n ń gbẹ́ ẹ láti ìdí gbòǹgbò títí tí yóò fi dá. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á, kò sì sí oògùn tó ń dá a dúró. Kí a yọ eyín náà ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó fi kún un pé òórùn ẹnu ológbò àgbà lè wá láti inú kíndìnrín pẹ̀lú, nítorí náà òun kò ní fi oògùn akunilóorun kan ẹran tó ti pé ọdún 13 láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èsì ẹ̀jẹ̀ náà jáde lọ́jọ́ kejì: kíndìnrín ti ń rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí èyí, omi yóò máa gba iṣan rẹ̀ wọlé ní gbogbo àkókò iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n oògùn ìrora rẹ̀ yóò sì kéré.

Ohun kan fa ìdádúró. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní ráádíò, Kútọnu ni wọ́n ti ń gbé èyí tó kéré tó ẹnu ológbò wá, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì máa ń dé. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi dúró. Mo béèrè bóyá a kò lè ṣe é láìsí ráádíò, nítorí pé mo ti ń ṣírò owó. Ìdáhùn dókítà ni ohun tó mú kí n gbọ́kàn lé e: ó ní àwọn eyín kan wà tí gbòǹgbò wọn ti yí padà di egungun àgbọ̀n, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ń wa gbòǹgbò náà kiri, àgbọ̀n ni yóò fọ́, àwọn mìíràn sì wà tí gbòǹgbò wọn ṣì pé, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gé orí eyín tó sì fi gbòǹgbò sílẹ̀, ìrora ló fi sílẹ̀ yẹn. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó fún wa ní oògùn ìrora tí a ń kán sí i lẹ́nu, ó sì kìlọ̀ pé bí ó bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ méjì, kí a má ṣe dúró de Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọ̀rá a máa kún ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ẹja tí a lọ̀ kúná, tí a yọ egungun rẹ̀, tí a fi omi ara rẹ̀ àti ẹ̀kọ díẹ̀ pò, ni ìyàwó mi fi gbé e dé ọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, a gbé e dé ibẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, kò tíì jẹun láti alẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí a má ṣe fi omi dù ú. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n pè wá. Dókítà jókòó tì wá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó fi àwòrán hàn wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, ìyàwó mi tí kò rí irú rẹ̀ rí sì fi ìka tọ́ka sí gbòǹgbò tó ti fà tán kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Eyín 5 ni wọ́n ti fojú dá ṣáájú. Ráádíò fi 2 mìíràn hàn tó mọ́ tónítóní lókè ṣùgbọ́n tí abẹ́ rẹ̀ ti dà bí pákó tí ikán jẹ. Eyín 7 ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n yọ 4 pẹ̀lú gbòǹgbò, wọ́n gé orí 3 tí gbòǹgbò wọn ti di egungun, wọ́n fi erìgì bò wọ́n, wọ́n sì fi òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ rán an. Wọ́n ha ìyókù mọ́, tòkè tabẹ́. Ó ṣàlàyé pé òun ki ọ̀pá rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí omi àti ẹ̀jẹ̀ má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, pé òun gún àgbọ̀n rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú kí ìrora má baà jí pẹ̀lú rẹ̀, pé ìgò omi gbígbóná ni òun sì fi yí i ká, nítorí pé ara ológbò a máa tutù kíákíá lójú oorun. Méjì ti já fúnra wọn láyé àtijọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀, nítorí náà eyín 21 ló kù lẹ́nu Àlejò, ọ̀gàn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níbẹ̀.

Nípa ti owó, àyẹ̀wò jẹ́ 7,000 sẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 18,000, iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú oorun àti ráádíò jẹ́ 90,000, oògùn ilé sì jẹ́ 9,500. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Benin fọwọ́ sí láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. N kò sọ pé ó pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí mo fojú rí. Ohun tí mo sọ fún wọn, tí mo sì tún ń sọ níbí, ni pé 110,000 ni wọ́n dá fún wa ṣáájú gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, wọn kò sì pè wá lórí fóònù nígbà tí ráádíò fi eyín 2 náà kún iṣẹ́. Ìwé owó ni a fi mọ̀. Ǹ bá ti gbà, dájúdájú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi mí.

Ibi tí àwọn ẹranko ti ń dúró kò dára fún ológbò rárá. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín, ajá ńlá kan tí wọn kò so dáadáa sì ń gbóòórùn agbọ̀n wa títí Àlejò fi tọ̀ sínú aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pẹpẹ gíga kan lára ògiri, tí a lè gbé agbọ̀n ológbò lé, kò lè ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ fún káfíńtà. Ìwé tí wọ́n kọ ìlò oògùn sí pẹ̀lú, Faransé nìkan ni. Èmi lè kà á, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ń fún Àlejò ní oògùn, Yorùbá ló sì mọ̀ ọ́n kà. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà láti tún gbogbo rẹ̀ kọ fún un. Ní ìlú tí ìdajì àwọn tó wọlé síbẹ̀ ń sọ Ègùn tàbí Yorùbá kí wọ́n tó sọ Faransé, ó yẹ kí wọ́n rí i rò.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a rí i pé itọ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì kán sórí ẹní níbi mẹ́ta. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé wọn nígbà mẹ́fà, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, bákan náà. A kò sùn. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó ní òwú kò tú, pé itọ́ tó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi bí ẹ̀jẹ̀ gidi bá ń kán láìdúró. Ó tọrọ àforíjì, mo sì gbà á. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ gbólóhùn kan péré bẹ́ẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n fún wa, kì bá ti sí wàhálà kankan, kódà lédè Faransé náà.

Wọ́n ń ta ọṣẹ ìfọyín ológbò níbẹ̀, 6,500 sẹ́fà ni ike kan, kò sí nínú owó tí mo kà lókè. Ó ní adùn adìyẹ, ológbò sì lè gbé e mì, èyí tó yàtọ̀ sí ọṣẹ tiwa tí kò yẹ kí ó dé ọ̀fun rẹ̀. Dókítà ní kí a dúró kí ojú egbò jinná kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó bá a wá kò wúlò fún wa, nítorí pé bí Àlejò bá ti rí i, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a wé mọ́ ìka ni ìyàwó mi ń lò, ní ẹ̀gbẹ́ ìta eyín nìkan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní alẹ́, ó sì ń fi omi ẹja díẹ̀ tù ú lẹ́yìn rẹ̀. Ike kan ti fẹ́ tó wa oṣù mẹ́ta, ó tó owó rẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ olówó gọbọi wà lórí pẹpẹ pẹ̀lú, mo sì béèrè bóyá líle rẹ̀ yóò fọ eyín. Dókítà ní oúnjẹ gbígbẹ lásán kì í fọ eyín bí àwọn ènìyàn ṣe rò, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ológbò ń gbé mì láìrún, kí a má ṣe tìtorí eyín rà á. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọjà orí pẹpẹ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, a padà lọ fún àbẹ̀wò, wọn kò gbowó. Erìgì ti dí, ó sì ti di àwọ̀ òdòdó ìgbà èwe rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Àlejò ti di kìlógíráàmù 4.1, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tún ń dán, ó sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó gbé eku kan wá sẹ́sẹ̀ ìyàwó mi ní ìdí àpò àgbàdo, ìyàwó mi sì pè mí láti wá wò ó bí ẹni pé ọmọ wa ló gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé a óò gbé e padà fún àyẹ̀wò kíndìnrín àti ẹnu. N ó mú aṣọ dúdú lọ láti fi bo agbọ̀n nítorí ajá, n ó sì gba nọ́ńbà tí wọ́n máa ń gbé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí n tó mú owó jáde.